Omi Wọ Ọkọ̀: Kí Ni Ínṣọ́ránsì Tí Òfin Fi Dandan Mú Wa Ń San?

 

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn omíyalé, bí a bá ti pín oúnjẹ àti ẹní tán: "Ìwé ọkọ̀ mi pé. Mo ń san owó ínṣọ́ránsì lọ́dọọdún. Omi ti bo ọkọ̀ mi dé fèrèsé. Ọ̀dọ̀ ta ni mo ti máa gba owó mi?" Ẹ jẹ́ ká dáhùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún fi owó mọ́tò ṣòfò lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Abùjá. Bó bá jẹ́ ínṣọ́ránsì tí òfin fi dandan mú gbogbo onímọ́tò nìkan ni ẹ ní, èyí tí wọ́n kọ "Third Party" sí lára, kò sí kọ́bọ̀ kan tí yóò ti inú rẹ̀ jáde fún ọkọ̀ tiyín tí omi bà jẹ́. Kì í ṣe pé iléeṣẹ́ náà fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Bí wọ́n ṣe kọ ìwé náà ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀ ṣá o. Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé yẹn ń san fún nígbà omíyalé. Irú ínṣọ́ránsì mìíràn wà tó lè san fún ọkọ̀ tiyín. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ènìyàn bá ṣe láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lè mú kí ẹni tó yẹ kó gba owó pàdánù rẹ̀. Ìwọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ wa tọ̀tẹ̀ yìí.

Ọkọ̀ wa ló ń lọ bá omi

Ẹlòmíràn á ní kí ló kan Kábbà nínú ọ̀rọ̀ odò. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ gíga la wà, Odò Ọya kò lè gun òkè wá bá wa níbí. Àgbàrá òjò lè ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó ń gbé ọkọ̀ mì, Lọ́kọ́ja ló wà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ibẹ̀ sì ni olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Okun ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ń gbé ní Ganaja, ní Adankolo, ní Felele. Ẹni tó bá sì ti Kábbà, Ìyàrà, Mọ́pà tàbí Ìsánlú ń lọ sí Abùjá, yóò gba Obajana dé Lọ́kọ́ja, yóò sì kọjá ní Koton Karfe. Ọ̀nà kọnkéré tó ti Obajana wá sí Kábbà, kìlómítà 43, ti mú ìrìn wa yá. Ó ti mú ọkọ̀ wa sún mọ́ etí odò sí i pẹ̀lú.

Ní ọdún 2012, omíyalé pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 2 lọ kúrò nílé. Ti ọdún 2022 pa ju 600 lọ, ó sì lé ju mílíọ̀nù 1.4 kúrò nílé. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2022 yẹn ni omi bo òpópónà Lọ́kọ́ja sí Abùjá ní agbègbè Koton Karfe. Ọkọ̀ tò bí eèrà, awakọ̀ ń sùn sínú mọ́tò, èrò sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kọjá. Lẹ́yìn tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá fà, ilé làwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Ọkọ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ ìṣòwò wọn ló máa ń kàn tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn ni wọ́n sì ń wá ìwé ínṣọ́ránsì jáde nínú báàgì.

Ta ni ẹni kẹta yẹn?

Orúkọ tí wọ́n kọ sára ìwé náà ti sọ ohun tó wà fún. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni kìn-ín-ní ni ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀. Ẹnì kejì ni iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì tó gba owó yín. Ẹni kẹta ni ará ìta tí ọkọ̀ yín lè pa lára, tàbí tí ọkọ̀ yín lè ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́. Ẹni kẹta yìí nìkan ni ìwé náà ń sanwó fún. Ẹ̀yin tí ẹ san owó kò sí lára àwọn tí yóò jẹ níbẹ̀. Ohun tí ẹ rà ni pé, bí ẹ bá ṣèèṣì ṣe ọmọ ẹlòmíràn léṣe, ẹ kò ní ta ilẹ̀ bàbá yín kí ẹ tó lè san án.

Òfin náà ti pẹ́. Ọdún 1945 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso wa. Òfin Ínṣọ́ránsì ti ọdún 2003 wá fi kún un, ní abala 68, pé kó máa bo dúkìá ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun tó kó àwọn òfin ínṣọ́ránsì àtijọ́ pọ̀ sójú kan. Dandan náà ṣì wà síbẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025 kan náà ni ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í bi onímọ́tò léèrè ìwé yìí kárí orílẹ̀-èdè. Ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré rà á láìbéèrè ohun tí wọ́n rà.

Ẹ wo iye rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì, gbé owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni láti ₦5,000 sí ₦15,000 lọ́dún. Fún owó yẹn, iléeṣẹ́ lè san tó ₦3,000,000 lórí dúkìá ẹni kẹta tí ẹ bà jẹ́. Ti ọ̀kadà jẹ́ ₦3,000, ó sì lè san dé ₦1,000,000. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ₦5,000, ó lè san dé ₦2,000,000. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń san ₦100,000, òdiwọ̀n tirẹ̀ sì jẹ́ ₦5,000,000. Dúkìá nìkan ni òdiwọ̀n wọ̀nyí wà fún. Ti ikú àti ìpalára ara yàtọ̀.

Lójú tiwa, òfin náà kò burú. Ẹni tí mọ́tò gbá lẹ́bàá ọ̀nà kò ní bá awakọ̀ tí kò ní nǹkan kan fà á. Ohun tó dùn wá ni pé ní ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé yìí, ẹnikẹ́ni kì í sọ fún olùrà pé, "Bàbá, ọkọ̀ tiyín kò sí nínú èyí o." Wọ́n á gba owó, wọ́n á tẹ ìwé, wọ́n á ní kí ẹni tó kàn wá.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó

Ká ní olùkọ́ kan gbé Corolla rẹ̀ sínú ọgbà ilé tó ń gbé ní Ganaja, ó sùn, ilẹ̀ mọ́, omi ti dé orí ìjókòó. Third party ló ní. Kò sí ẹni kẹta kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà kò sí owó.

Ká ní ọlọ́kadà kan ń gba inú omi kọjá ní Felele, kò rí ihò tó wà lábẹ́ omi, ó ṣubú lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó sì fọ́ iná rẹ̀. Ínṣọ́ránsì ọlọ́kadà ló yẹ kó tún ọkọ̀ onítọ̀hún ṣe. Ọ̀kadà tirẹ̀ tó tẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù. Omi gbé ọkọ̀ tí ènìyàn gúnlẹ̀ jẹ́ẹ́, ó sì gbé e lọ wó ògiri aládùúgbò. Aládùúgbò á ní, "Mọ́tò rẹ ló wó ògiri mi." Iléeṣẹ́ yóò béèrè bóyá onímọ́tò jẹ̀bi nǹkan kan. Bó bá jẹ́ omi nìkan ló ṣe é, wọ́n lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti kéde pé kí wọ́n kúrò, tí ó sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ sójú ọ̀nà omi, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Ẹ má ṣe bá aládùúgbò jà lórí èyí, ẹ má sì ṣe gbà fún un lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ jẹ̀bi. Ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́, kí wọ́n fi ìwé dáhùn.

Ẹ̀kẹrin ni a fẹ́ kí gbogbo èrò mọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì rí i pé omi ń sáré lórí títì, àwọn ènìyàn kìlọ̀ fún un, ó ní òun mọ ọ̀nà, ó kó èrò wọ inú omi. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa tàbí kú, èrò tó sanwó wọ ọkọ̀ èrò wà lára àwọn ẹni kẹta tí ínṣọ́ránsì bọ́ọ̀sì náà wà fún. Ìdílé lè lọ béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sin òkú wọn, tí wọn kì í béèrè, nítorí pé wọn kò mọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti lọ́wọ́ dókítà. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé omi tó ń sáré tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, ẹsẹ̀ bàtà 2 sì lè gbé jíìpù. Èrò tó bá sọ pé òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ létí irú omi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojo.

Irú kan tún wà láàárín, tí wọ́n ń pè ní "Third Party, Fire and Theft". Iná àti olè ló fi kún ti ẹni kẹta. Omi kò sí nínú rẹ̀.

Èyí tó lè san fún ọkọ̀ tiyín

"Comprehensive" ni orúkọ rẹ̀. Ó ń bo ẹni kẹta, ó sì ń bo ọkọ̀ ẹni tó ni ín lọ́wọ́ ìjàǹbá, iná àti olè. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé kò sí ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé comprehensive ní Nàìjíríà, omíyalé jẹ́ ohun tí a ń san àfikún owó fún kó tó wọlé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún rògbòdìyàn. Bí ẹ kò bá san àfikún náà, ọjọ́ tí omi bá dé ni ẹ máa tó rí i pé kò sí níbẹ̀. Torí náà, ẹ ṣí ìwé yín, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ báyìí: "flood". Bí ẹ bá rí i lábẹ́ "Extensions" tàbí "Additional Benefits", ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ abẹ́ "Exclusions" ni ẹ ti rí i, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nìyẹn. Bí ẹ kò bá sì rí i rárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, kí ìdáhùn sì wà lórí ìwé tàbí kó jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ lè fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ta á fún yín kò tó.

Kò pọ́ńbélé lówó. NAICOM ní láti ọdún 2023 pé owó comprehensive kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀. Ọkọ̀ tó tó ₦4,000,000 yóò san ₦200,000 lọ́dún, kí a tó fi àfikún omíyalé sí i. A kò ní sọ fún àgbẹ̀ tó ní píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ní Bùnú pé kó lọ san án. Òun ló mọ ohun tó wà lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ọkọ̀ sí etí odò ní Lọ́kọ́ja láti oṣù Kẹjọ dé oṣù Kẹwàá, tó tún fi owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rà á, ó yẹ kó ṣírò rẹ̀ dáadáa. Bí omi bá gbé ọkọ̀ náà lọ, gbèsè ẹgbẹ́ kò ní bá a lọ.

Iléeṣẹ́ kì í san ju iye tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó bá kọ iye ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì kí owó ọdọọdún lè dín, ara rẹ̀ ló ń tàn. Bí owó yín kò bá sì tíì wọlé, ẹ kò ní ínṣọ́ránsì. Òfin sọ ọ́ gbangba pé láìsí owó, kò sí ààbò. "N ó fún yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́

Ẹ má ṣe ṣáná sí ọkọ̀ tí omi wọ̀. A ó tún un sọ: bó ti wù kó rí, ẹ má ṣe ṣáná sí i "kí a kàn wò ó". Afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ṣeé fún mọ́ra. Omi kò ṣeé fún. Bí písítìn bá gòkè lọ bá omi, ohun kan ní láti yẹ̀ fún un, irin tó gbé písítìn dúró ló sì máa ń tẹ̀. Ọkọ̀ tí ìbá gba fífọ̀ àti ọ́ìlì tuntun nìkan á wá di ọkọ̀ tó ń wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì sì lè sọ pé omi kọ́ ló ba ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣáná sí i ni. Ẹ yọ okùn bátìrì kúrò, ti òdì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn fà á lọ síbi tó gbẹ.

Kí ẹ tó fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ ya àwòrán. Ìlà tí omi fi sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn ni ẹ̀rí tó dára jù lọ. Ẹ ya á kó hàn, kí nọ́ńbà ọkọ̀ náà sì hàn nínú àwòrán kan ó kéré tán. Ẹ ya inú ọkọ̀, ẹ ya ibi tí ọkọ̀ wà, ilé tàbí títì. Lẹ́yìn èyí, kí mẹkáníìkì fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti dé inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kó wo asẹ́ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú, bóyá ó ti tutù. Rẹ́wáyà ni kó wo ọpọlọ ọkọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní brain box, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, òun ló máa ń náni lówó jù.

Ẹni tó ní comprehensive pẹ̀lú omíyalé nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kí ẹni tí iléeṣẹ́ rán tó dé. Kó kọ̀wé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Lẹ́tà náà kò ní láti gùn. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí, kí ọmọ tó wà ní girama sì bá yín tú u sí Gẹ̀ẹ́sì:

"Orúkọ mi ni … Nọ́ńbà ìwé ínṣọ́ránsì mi ni … Nọ́ńbà ọkọ̀ mi ni … Ní ọjọ́ … oṣù …, ní nǹkan bí aago …, omi wọ ọkọ̀ náà níbi tí mo gbé e sí ní … Omi dé … N kò tíì ṣáná sí i. Ọkọ̀ náà wà ní … báyìí. Àwòrán mẹ́fà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán ẹni tí yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò."

Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pa rìsíìtì ọkọ̀ tó fà á mọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní san, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé yẹn ni ẹ ó mú lọ sí NAICOM bí ẹ bá fẹ́ pe ẹjọ́ wọn. NAICOM kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀sùn.

Ẹni tó ní third party nìkan kò ní ẹni tó ń dúró dè. Kó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kíákíá, kí ẹrẹ̀ tó gbẹ sínú wáyà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, àti tòkunbọ̀

Ohun kan tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni ìròyìn tó ń wá láti Amẹ́ríkà. Ọmọ ẹnìkan á ní, "Omi ba ọkọ̀ mi jẹ́, ínṣọ́ránsì san gbogbo rẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ínṣọ́ránsì tí òfin fi dandan mú onímọ́tò kì í san fún ọkọ̀ tirẹ̀ tí omi bá bà jẹ́. Comprehensive ló san fún un, níbẹ̀ sì rèé, omíyalé máa ń wà nínú rẹ̀ láìsí àfikún.

Lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ ibẹ̀ bá sanwó tán, àwọn ló ni ọkọ̀ náà, wọ́n á sì tà á ní gbàǹjo. Nígbà tí ìjì Harvey rọ omi lu Houston ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ọkọ̀ tí omi wọ̀ pọ̀ ju kíkà lọ. Irú wọn lè gun ọkọ̀ ojú omi wá sí ìhà wa, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n sì pè é ní tòkunbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, kó kọ nọ́ńbà VIN rẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ sínú VINCheck lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè sọ bóyá iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì ti kọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ rí. Kó tún gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kó wo ìdí bẹ́líìtì ìjókòó títí dé òpin rẹ̀. Ẹrẹ̀ kì í tètè kúrò níbẹ̀.

Ṣé ìwé yín jẹ́ òótọ́?

Ìwé ínṣọ́ránsì ayédèrú pọ̀ ní gáréèjì. Ẹ lọ sí askniid.org, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sí i. Ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì Nàìjíríà ló ni ibẹ̀. Bí orúkọ iléeṣẹ́ àti ọjọ́ tí ìwé yín yóò parí bá jáde, ó dára. Bí kò bá jáde, ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín kí òjò tó dé. Bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá ba tiyín jẹ́, ẹ lè fi nọ́ńbà rẹ̀ wá iléeṣẹ́ tó yẹ kó sanwó fún yín níbẹ̀ bákan náà.

Ẹ̀ka ìrànwọ́ wa kò ní owó láti tún ọkọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè ka ìwé rẹ̀, kó mú un wá sí tábìlì wa, a ó jọ wá ọ̀rọ̀ "flood" náà. Kó mú ìwé ínṣọ́ránsì, ìwé ọkọ̀, fóònù tí àwòrán wà nínú rẹ̀ àti rìsíìtì tó bá ní lọ́wọ́. Ìdílé èrò tó kú tàbí tó fara pa nínú bọ́ọ̀sì kò ní láti mú ohunkóhun wá ju nọ́ńbà ọkọ̀ náà lọ, àti orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà sùn.